Láti inú kásẹ́ẹ̀tì ìyá mi dé ara igbá

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú àpótí ìyá mi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ tí a ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí téèpù ilé wa ti kú. Ọdún 1989 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá mi ń sun ẹkún ìyàwó tiwọn. Ẹnì kan fi bírò pupa kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé: "ÌYÀWÓ. Ẹ má gba nǹkan mìíràn lé e o." Ẹni náà mọ̀ wá dáadáa.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Òwódé. Mo gbọ́ Python díẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí mo fúnra mi kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láwọn ọjọ́ tí ọjà ò yá. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá mi ka iye ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kí n lè mọ ohun tí ìyàwó ń sọ gan-an. Mo fẹ́ kó fi àwọn ọ̀rọ̀ yẹn hun ẹkún ìyàwó tuntun. Mo sì fẹ́ sọ ohùn orí ẹkún náà di ọnà tí wọ́n lè fín sára igbá, torí a ò lè wà l'Ọ̀yọ́ ká máa wá afínigbá tì. Èkíní bọ́ sí i. Èkejì dójú tì mí. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí, torí alẹ́ àti ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni mo ń ráyè.

Ìpele 1: Gbígba ohùn jáde

Ohun tí mo rà:

- téèpù àlòkù, ₦14,000
- bẹ́líìtì rọ́bà inú téèpù, ₦1,500
- káàdì ohùn oní-USB, ₦5,000
- wáyà, ₦1,500
- sípíríìtì àti òwú, ₦800

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé téèpù jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo rọra fà á jáde, mo ki bírò bọ ihò ẹ̀, mo ń yí i títí gbogbo ẹ̀ fi wọlé padà. Díẹ̀ ló kù kó já. Èmi ni mo jẹ̀bi: mi ò nu orí téèpù kí n tó ki kásẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ nù ún ná, kẹ́ ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò já mọ́ nǹkan fi dán an wò, kẹ́ ẹ tó fi ti ìyá yín sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn ń fà. Kásẹ́ẹ̀tì C60 ni, ojú kọ̀ọ̀kan ẹ̀ yẹ kó lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo fi aago sí i: ìṣẹ́jú 33 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo ní kò sí wàhálà. Mo gbé e sínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, mo fi 11% kún eré ẹ̀, mo wá pe ìyá mi kí wọ́n wá gbọ́ ara wọn. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé èmi nìyẹn ni, àbí ọmọ ewúrẹ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bẹ́líìtì tó ti dẹ̀ kì í yọ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tó bá ti di nǹkan mú, 11% tèmi á sọ ohùn di tín-ín-rín. Níbi tó bá ti yọ̀, ohùn á ṣì máa fà. Mo tú téèpù, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo tún fi aago sí i: ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kẹ́ ẹ tó fi kọ̀ǹpútà tún nǹkan ṣe, ẹ wo irin ẹ̀ ná. Èmi tí mo ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun náà ni mo gbàgbé.

Káàdì USB yẹn, mo rà á torí pé ihò kan ṣoṣo tó wà lára laptop mi, ìgbọ́hùn létí ló wà fún; ohùn tó ń bọ̀ láti inú téèpù ò gba ibẹ̀ wọlé. Alẹ́ méjì ni mo fi ń tẹ bọ́tìnnì lásán kó tó yé mi. Mo gbà á ní 44,100 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú ohùn kan ṣoṣo, WAV. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ nǹkan bí 159MB.

Ìpele 2: Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀lẹ ṣe é. Whisper, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí OpenAI gbé jáde ní 2022, ní Yorùbá nínú àwọn èdè tó gbọ́, mo sì fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó kọ padà dà bíi ti ẹni tó ń sùn lójú ọ̀nà Ìlọrin tó ń sọ ìsọkúsọ. Mi ò bá a wí. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohùn ẹkún ìyàwó sì ń fà, ó ń gbọ̀n, ìlù tún wà lẹ́yìn ẹ̀.

Mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ẹkún gan-an jẹ́ ìṣẹ́jú 22. Ìyókù, ariwo àwọn tó ń náwó ni. Ìṣẹ́jú kan ń gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Apá kan ni mo tẹ̀ lórí fóònù, apá kan lórí laptop, àbúrò mi sì bá mi tẹ ojú ìwé mẹ́rin. Ẹ rántí gbólóhùn yìí, ó máa dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ já sí ìlà 214, ọ̀rọ̀ 1,412.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni pé mò ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní iléèwé. Ìyá mi ní:

Ẹ fọwọ́ àdúrà nù mí lójú.

Èmi tẹ "Ẹ fi ọwọ́". Kò sí ẹni tó máa bínú sí i lójú ìwé, ṣùgbọ́n "fi ọwọ́" fi sílébù kan kún ìlà tí ìyá mi ò kọ. Ìlà 43 ni mo ṣe báyìí sí. Mo padà tún gbogbo wọn tẹ̀ bí etí ṣe gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ohùn lẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, etí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ìpele 3: Kíka iye ọ̀rọ̀

Tábìlì àkọ́kọ́ tí Python fún mi, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ ni "ọ". Mo ronú títí, mo ní bóyá ìyá mi ń kérora ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ni "rọ". Ìgbà yẹn ló tó yé mi: ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ ń gé sí wẹ́wẹ́. Àmì `\w+` tí gbogbo ènìyàn ń dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ló mọ̀. Kò ka àmì ohùn tó dá dúró sí lẹ́tà. Tó bá ti kan àmì orí "ọ̀", ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Mo jù ú nù. Mo ní kó gé ọ̀rọ̀ níbi tí àlàfo bá wà, kó sì bó kọ́mà àti ìdánudúró kúrò.

Mo tún un ṣe tán, "ọmọ" wá jáde nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 31, 9, àti 4. Lójú mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Laptop tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà ẹ̀ nínú Unicode (àkójọ tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) jẹ́ U+1ECD. Fóònù mi tẹ o, ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, U+0323. Ojú ìwé mẹ́rin tí àbúrò mi tẹ̀, igi kékeré ló fà sábẹ́ o, U+0329, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe máa ń ṣe. Oògùn ẹ̀ ni ká sọ gbogbo wọn di irú kan kó tó di pé a ka ohunkóhun; mo kọ́kọ́ sọ igi kékeré di àmì ìsàlẹ̀, mo wá lo NFD, ìlànà Unicode tó ń tú lẹ́tà kúrò lára àmì ẹ̀, torí NFD nìkan ò ní bá wa sọ igi yẹn di àmì ìsàlẹ̀. Kò sí oríṣi kan nínú Unicode tó so ẹ pọ̀ mọ́ àmì òkè bíi ẹ́ ní lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí náà ó sàn ká tú gbogbo wọn palẹ̀.

Nígbà tí tábìlì wá dúró dáadáa, mo fọwọ́ ka ọgbọ̀n ìlà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá ara mu.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò. "Mi" ló pọ̀ jù, ìyẹn ò yani lẹ́nu. "Ìyá" fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì "bàbá". Ṣùgbọ́n "ọkọ" kò dá dúró rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ibi tó ti jẹ yọ, "ilé ọkọ" ni. Ìyàwó kan sunkún fún ìṣẹ́jú 22 lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò bá ọkọ sọ gbólóhùn kan. Mo lọ bi ìyá mi.

"Ta ló ń kọrin sí ọkọ lọ́jọ́ yẹn? Ara ilé wa là ń kí. Ọkọ á gbọ́ tiẹ̀ tá a bá délé."

Bàbá mi wà níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Nínú tábìlì yẹn kan náà, nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan péré, "ọkọ̀" wà níbẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé kò ṣe nǹkan kan. Mo kọjá.

Ìpele 4: Kí kọ̀ǹpútà sun ẹkún

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ọ̀nà tí mo lò ni wọ́n ń fi orúkọ Andrey Markov pè, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà tó fọwọ́ ka lẹ́tà 20,000 nínú ewì Pushkin, tó sì sọ àbájáde ẹ̀ ní 1913. Ẹ̀rọ á wo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, á wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ti tẹ̀ lé e rí nínú kásẹ́ẹ̀tì, á sì mú ọ̀kan nínú wọn. Tí mo bá ní kó wo ọ̀rọ̀ méjì sẹ́yìn, ìlà ìyá mi ló ń dà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, torí ọ̀rọ̀ 1,412 kéré jù. Tí mo bá ní kó wo ẹyọ kan, ohun tó ń jáde nìyí:

Igbá mi ti gbé bàbá mi lọ sílé ọkọ,
ẹ bá mi dá ìyá mi padà fún igbá.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fara balẹ̀ sọ ibi tó ti dùn wọ́n. Nínú ìlà mìíràn, ìyàwó orí ẹ̀rọ yẹn ń gbàdúrà pé kí òun padà sílé bàbá òun láìpẹ́. "Ìyẹn kì í ṣe eré o. Ẹnìkan kì í wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ." Ẹ̀rọ ò mọ èèwọ̀. Mo gbìyànjú láti pín àwọn ìlà sí ìkíni, ẹ̀bẹ̀ àti àdúrà kó má baà pò wọ́n pọ̀, ó sì dára díẹ̀ sí i, àmọ́ ó kàn dà bí ẹni tó ń ka ìwé ìkíni ọdún ni. Lálẹ́ kẹta, mo pa á tì. Ọ̀rọ̀ sísọ, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ìpele 5: Láti ohùn sí àmì

Ibi tí iṣẹ́ dùn sí rèé. Dò, re, mí: ohùn mẹ́ta péré ni, mo kọ wọ́n ní D, R, M. Fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílébù kan. N tàbí m tó bá gbé àmì sórí náà jẹ́ sílébù tiẹ̀. N tó wà lẹ́yìn fáwẹ̀lì láìní àmì, bíi ti "gan-an", kì í ṣe sílébù. Èyí ni gbogbo kóòdù tí mo kọ:

```
import unicodedata as u

def ami(oro):
    oro = oro.lower().replace("\u0329", "\u0323")
    d = u.normalize("NFD", oro)
    jade = ""
    for i, h in enumerate(d):
        if h not in "aeiounm":
            continue
        leyin = ""
        for k in d[i+1:]:
            if not u.combining(k):
                break
            leyin += k
        if "\u0301" in leyin:
            jade += "M"
        elif "\u0300" in leyin:
            jade += "D"
        elif h in "aeiou":
            jade += "R"
    return jade
```

Ó ní àléébù kan: "n" tó dá dúró láìní àmì, bíi ti "n kò lọ", á fò ó. Ibi méjì péré nìyẹn ti ṣẹlẹ̀, mo fọwọ́ tún wọn ṣe.

"Ìyá mi, mo ń relé ọkọ" á jáde bíi DMRRMRMRR. "Ẹ fọwọ́ àdúrà nù mí lójú" á jáde bíi RRMDMDDMMM. Ẹ kà á sókè fún ara yín, ẹ ó gbọ́ orin náà láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀.

Mo wá ní kí M jẹ́ igun mẹ́ta tó kọjú sókè, kí D kọjú sísàlẹ̀, kí R jẹ́ ìlà títẹ́. SVG, irú fáìlì àwòrán kan, ni mo fi yà á. Ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì SVG, Python kàn ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀ ni.

Ìpele 6: Igbá kìíní

Mo ra igbá méjì lọ́jà Akẹ̀sán, ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú wọn ẹnu èyí tó yípo dáadáa: 54 cm. Mo ṣètò ọnà náà sórí bébà A4 méjì, 27 cm lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igbá, 2 cm ṣófo lẹ́yìn. Mo fi rúlà wọn bébà: 26 cm. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti rọra sọ gbogbo ẹ̀ di kékeré kó lè wọ inú bébà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yan "Actual size". Ẹ mú rúlà lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Àtẹ̀túntẹ̀, ₦1,350 ni gbogbo ẹ̀.

Ìṣòro tó ju ìyẹn lọ ni pé igbá kì í ṣe páìpù. Ẹnu ẹ̀ 54 cm, àmọ́ tá a bá sọ̀ kalẹ̀ ní 6 cm, ó ti di 41 cm. Bébà ká jọ, ó ṣe hunjẹhunjẹ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Mo gé e sí pẹlẹbẹ bí èèpo ọsàn, ó dọ́gba díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn igun mẹ́ta já síra wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ bá bàbá afínigbá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, mo na bébà sí wọn. Wọ́n wo bébà, wọ́n wo igbá, wọ́n gbé bébà sílẹ̀.

"Ìwé ò mọ ìdí igbá, ọmọ mi."

Wọ́n mú òwú, wọ́n yí i ká ẹnu igbá, wọ́n gé e. Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n sàmì, sí mẹ́rin, wọ́n sàmì, sí mẹ́jọ, sí mẹ́rìndínlógún. Lọ́nà kan náà ni wọ́n ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí igbá ti tín-ín-rín, wọ́n wá fi ọ̀bẹ so àmì òkè mọ́ tìsàlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi ti fi ọjọ́ mẹ́fà gé èèpo ọsàn.

Ọnà tèmi ní ìpín mẹ́sàn-án lórí ìlà kan, mọ́kànlá lórí èkejì, mẹ́tàlá lórí ẹ̀kẹta. "Ta ló ń pín igbá sọ́nà mọ́kànlá?" Mo gbà. Mo padà sílé, mo tún kóòdù kọ kí gbogbo ìlà lo ojú mẹ́rìndínlógún. Ìlà tí kò bá tó, ojú tó kù lẹ́yìn á ṣófo. Nínú ìlà 214, 181 ló wọ inú ojú mẹ́rìndínlógún. Mo mú mẹ́rin. Wọ́n tún ní ìlà títẹ́ ò ní hàn lára igbá, kí R di ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ara wọn kọjá. Ìyẹn náà dára ju tèmi lọ.

Wọn ò lo bébà rárá. Èmi ń kà á láti orí fóònù, "dò, mí, re, re," àwọn ń fín in. ₦15,000. Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, mo tan ohùn, mo ń fi ìka tẹ̀ lé ọnà bí ìyá mi ṣe ń kọ. Ní òpin ìlà kìíní, ohùn ìyá mi tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka mi sọ̀ kalẹ̀.

Mo ṣí fáìlì. "Mo ń relé ọkọ̀." Kííbọọ̀dù fóònù ló dábàá ẹ̀, èmi sì tẹ̀ ẹ́ láìwò. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀kan péré, tí mo rí tí mo kọjá. Ìyàwó ti ń lọ sílé mọ́tò lára igbá, a ò sì lè fi rọ́bà pa á rẹ́. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ tábìlì yín dáadáa. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí.

Ìpele 7: Igbá kejì

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí, bàbá ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn náà fúnra wọn. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dijú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ìdí tí gbogbo ojú tó ṣófo fi wà lẹ́yìn. "Ṣé ẹ̀yìn nìkan ni ìyá yín ti ń mí ni?"

Mo padà sínú Audacity. Ibi tí ohùn bá ti dákẹ́, ìlà á tẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i kedere. Mo sàmì síbẹ̀, mo kó àwọn ojú òfìfo lọ síbi tí èémí wà. Ìlà kìíní wá di:

D M R _ _ R M R M R R _ _ _ _ _

Bàbá ní ká jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fín in, wọ́n sì dín owó kù sí ₦12,000 nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ìlà ìkẹta yọ díẹ̀, ọ̀bẹ já sí ẹ̀gbẹ́ M kan, àmọ́ ẹ ò ní rí i tí n ò bá sọ. Gbogbo ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀: ₦57,150.

Igbá kejì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá ìyá mi. Ojú B kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nílẹ̀, ó ti hu funfun díẹ̀ létí, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ní àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n ń fi ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́. Igbá kìíní, gàrí ni wọ́n fi ń bù.